Bí Ọdẹ́níran Ṣe Rí Ègbè Orin Rẹ̀

Ẹ sún mọ́ra. Ẹni tí ó ń jẹ àgbàdo sísun, kí ó jẹ ẹ́ tán tàbí kí ó fi í pamọ́, nítorí n kò lè máa sọ̀rọ̀ kí ẹnu ẹlòmíràn máa ró lẹ́bàá etí mi. Èmi Ọdẹ́sànyà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀, èmi tí mo dojú kọ ẹfọ̀n nínú ẹrẹ̀, tí ẹfọ̀n sì bẹ̀ mí. Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹfọ̀n ọ̀hún rẹ́rìn-ín kí ó tó mọ ẹni tí ó dúró níwájú òun.

Ṣùgbọ́n ti ara mi kọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Láàárọ̀ yìí, mo gbọ́ orin lẹ́nu àwọn obìnrin tí ń ti odò bọ̀, orin “Ẹ má tìlẹ̀kùn” tí gbogbo yín mọ̀, tí ẹ fi ń sin ìyàwó lọ sílé ọkọ, tí ẹ fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Mo bi wọ́n pé ta ló ni orin náà. Ọ̀kan ní ìyá òun ni. Òmíràn ní àwọn ará òkè odò ló kó o wá. Ìkan tí ó gbé ìkòkò tó tóbi jù ní orin kì í ní ẹni tó ni ín, pé ṣe ni ó ń hù bí olú. Inú bí mi, mo lọ jókòó. Olú pàápàá, igi kan ní láti kọ́kọ́ jẹrà kí ó tó hù. Igi tí ó jẹrà kí orin yìí tó hù ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Ọkùnrin kan wà ní Àgọ́-Ìrókò nígbà tí àwọn bàbá bàbá yín ṣì ń wọ́dìí nílẹ̀. Ọdẹ́níran ni orúkọ rẹ̀. Ọdẹ ni, ṣùgbọ́n ìjálá ni ó gbé e níyì ju ìbọn lọ. Ohùn rẹ̀ tóbi, ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ sì pọ̀ nínú rẹ̀ bí omi inú àmù. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ, ẹ jẹ́ kí n là yín lóye: níbi tí àwọn oníjàálá bá ti péjọ, ẹni tí ó bá dákẹ́ kí ó lè mí, ẹlòmíràn á já ìjálá gbà mọ́ ọn lẹ́nu, á sì máa bá a lọ bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Báyìí ni ọdẹ kan tí ń jẹ́ Bámgbóyè, ọlọ́rùn gígùn, ẹlẹ́nu bí agogo, ti gba ìjálá mọ́ Ọdẹ́níran lẹ́nu nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́, tí gbogbo agbo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Láti ọjọ́ náà ni ó ti kọ́ bí a ti ń fi imú mí nígbà tí ẹnu ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ orin, kò sí àlàfo tí abẹ́rẹ́ lè gbà wọ inú rẹ̀ títí tí yóò fi parí.

Àwọn ènìyàn a máa gbọ́ ọ, wọn a mi orí, wọn a ní “Ọdẹ́níran, o kú iṣẹ́.” Wọn a sì lọ sílé wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ orin rẹ̀ dé ilé. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá, orin ẹlòmíràn ni ó fi ń gúnyán. Ọdẹ́níran a jókòó sẹ́yìnkùlé, a máa gbọ́ ọ, ọkàn rẹ̀ a bàjẹ́, kò sì ní lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí ó kọ́ ọ ní ọdẹ àti ìjálá ni Baba Kúkọ̀yí. Àgbà ọdẹ ni baba yìí, ọkọ Awẹ̀ró tí ń se ọṣẹ dúdú. Tọkọtaya náà fẹ́ràn ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, bí Kúkọ̀yí bá wà nígbó, ilé Awẹ̀ró ni ilé tí wọ́n ń tì kẹ́yìn ní gbogbo àdúgbò. Nígbà tí àìsàn dá baba náà dùbúlẹ̀, ó pe Ọdẹ́níran sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní.

Ó ní, “Níran, orin tìrẹ ni kí ẹ fi ṣípà mi.”

“Ẹ kò ní í kú, Baba.”

“Ta ló bi ọ́ ní ti ìyẹn? Mo ní orin tìrẹ. Má jẹ́ kí Bámgbóyè fi ohùn rẹ̀ gbé mi lọ, etí ń dùn mí.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wúkọ́, ilẹ̀ ọjọ́ náà kò sì ṣú kí ó tó papò dà.

Ẹ̀yin ará, bí ọdẹ bá kú ní Àgọ́-Ìrókò, a kì í sin ín kí á gbọn ọwọ́ nù. A ó kó ẹ̀wù gbérí rẹ̀, fìlà rẹ̀, ọrun rẹ̀ àti apó rẹ̀ sínú agbọ̀n, a ó gbé e lọ sí oríta tí ó wà létí igbó. Oníjàálá á lé orin, gbogbo ìlú á gbè é, a ó sì gbé agbọ̀n náà wọ igbó. Èyí ni à ń pè ní ìṣípà. Ègbè àwọn ènìyàn ni ó ń sin òkú dé ẹnu ibodè ọ̀run. Bí ìlú kò bá gbè, òkú á dúró lójú ọ̀nà bí àlejò tí kò rí ilé wọ̀, opó rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dìde lórí ẹní ọ̀fọ̀.

Wọ́n gbé agbọ̀n Kúkọ̀yí dé oríta. Ọdẹ́níran bọ́ síwájú, ó sì kọrin. Kò tí ì kọ irú rẹ̀ rí. Ó ki baba náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó ki ìbọn rẹ̀, ó ki ajá rẹ̀, ó ki ẹran tí ó pa àti èyí tí ó tàsé. Àwọn ènìyàn ya ẹnu sílẹ̀. Nígbà tí ó parí, gbogbo oríta dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí ẹni tí ó gbè, nítorí kò sí ẹni tí ó rí ibi tí yóò gbà á.

Àwọn ọdẹ bẹ̀rẹ̀ láti gbé agbọ̀n. Agbọ̀n kò kúrò nílẹ̀. Àwọn géńdé bọ́ aṣọ, wọ́n tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n kérora, agbọ̀n kò mì. Bámgbóyè ní kí wọ́n yàgò, ó na ọrùn, ó lé orin tirẹ̀. Ṣe ni agbọ̀n náà tún rì wọlẹ̀ díẹ̀ sí i. Bámgbóyè wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì lọ dúró sẹ́yìn àwọn obìnrin.

Olúọdẹ tí í ṣe olórí gbogbo wọn ní, “Òkú ti yan orin tí ó fẹ́. Kò sí ohun tí ẹlòmíràn lè ṣe sí i.”

Awẹ̀ró tẹ́ ẹní rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n, ó jókòó. Ọdẹ́níran lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, kò lè gbé ojú sókè. Obìnrin náà kò bú u. Ó ní, “Orin rẹ dára, Ọdẹ́níran. Mo fẹ́ bá ọ kọ ọ́. N kò kàn rí ibi tí mo lè gbà wọlé ni.” Ìtìjú bo ọkùnrin náà tó bẹ́ẹ̀ tí ì bá fi wù ú kí ilẹ̀ lanu kí ó gbé òun mì.

Olúọdẹ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ilé Yèyé Olóhùn wà nínú Igbó Agbóhùn, níbi tí gbogbo orin ayé so rọ̀ sí. Lọ tọrọ ègbè lọ́wọ́ rẹ̀. Kí o sì dé kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, nítorí bí òjò bá pa agbọ̀n òkú ní oríta, òkú náà ti di aláìnílé títí ayé nìyẹn.” Gbogbo wọn wo ojú ọ̀run. Ooru ti ń mú, kòkòrò òjò sì ti ń fò.

Ọdẹ́níran gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó wọ igbó. N kò ní í sọ bí ó ti rìn fún yín. Ẹsẹ̀ ni gbogbo ayé fi ń rìn, kò sí ọgbọ́n níbẹ̀. Ti iwin tí ó jókòó sí ẹnu igbó náà ni mo fẹ́ sọ. Iwin yìí kò lójú, kò nímú. Etí ni ó bò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ̀ bí ewé kókò, bí atẹ́gùn bá fẹ́, gbogbo wọn á máa jù fìrìfìrì. Elétí-Kókò ni à ń pè é. Èmi náà ti bá a pàdé rí, ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbọ́ orúkọ mi, ó yà bàrá sínú igbó. Kí a máa bá tiwa lọ.

Ọdẹ́níran kò kí iwin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara rẹ̀ láìdánu dúró, ó ní kí iwin kúrò lọ́nà fún ọmọ ọdẹ. Iwin fi gbogbo etí gbọ́ ọ títí ó fi parí, ó sì gbé e ní ìbàdí, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń gbọ́n agbè ẹmu tó ti tán.

Iwin bi í pé, “Ṣé o ti parí?”

“N kò tí ì bẹ̀rẹ̀.”

Ni wọ́n bá wọ̀yá ìjà. Ọdẹ́níran yìnbọn, etí kan gba ọta, ó sì gbọ̀n ọ́n dànù bí ìgbà tí omi bá wọ ènìyàn létí. Ọdẹ́níran gbá a ní kókó igi, igi dá. Iwin gbá òun náà létí, ó rí ìràwọ̀ lọ́sàn-án gangan. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Bí ó ti ṣubú sínú koríko, ó rí i pé gbogbo ibi tí koríko bá ti kan iwin náà ni iwin ti ń yí ara. Ó fa koríko gígùn tu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ro inú àwọn etí náà, ó ro tibí, ó ro tọ̀hún. Ẹ̀yin tí etí yín kò ju méjì lọ, ẹ mọ bí ó ti ń rí bí ìyẹ́ adìẹ bá wọ̀ ọ́. Elétí-Kókò bú sẹ́rìn-ín, ó ń yí gbiri nílẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́.

Ó ní, “Ó tó. O ti ṣẹ́gun ara mi, o kò tí ì ṣẹ́gun ọ̀rọ̀ mi. Ààlọ́ o.”

“Ààlọ̀.”

“Ohun kan wà lára ògiri tí mọlémọlé kò fi amọ̀ sí. Bí ó bá fi amọ̀ sí i, onílé á sùn síta. Kí ni?”

Ọdẹ́níran pòṣé. “Ṣé èyí náà ni ẹ ń pè ní àlọ́? Ẹnu ọ̀nà ni.”

Iwin kọ gbogbo etí sí i. “O mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Máa lọ. Ọjọ́ tí o bá mọ̀ ọ́n nínú, wàá rántí mi.” Ọdẹ́níran gbọn ewé kúrò lára, ó kọjá, ó ń fi imú kọrin pé òun borí iwin.

Kò pẹ́ tí ó fi já sí ìlú kan tí ariwo rẹ̀ lè ya òkúta. Ìlú Aṣáájú ni. Ní ìlú yìí, olúkúlùkù ni ó ń lé orin, kò sí ẹnì kan tí ń gbè. Ìyá ń lé tirẹ̀, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń lé tirẹ̀. Bí o bá kí wọn, wọn kì í dáhùn, nítorí ìdáhùn jọ ègbè lójú wọn, wọ́n sì gbà pé ẹni tí ó bá gbè ti di ẹrú. Ọba wọn jókòó sínú oòrùn lórí ìtẹ́, ògiri ààfin yí i ká, kò sí òrùlé lórí rẹ̀. Ìtì igi tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àjà ilé náà ni ó wà nílẹ̀ níwájú ààfin láti ìgbà tí ọba náà ti wà lọ́mọdé. Òfin wọn ni pé àlejò kò gbọdọ̀ jáde níbẹ̀ àfi bí igi náà bá kúrò nílẹ̀.

Ọdẹ́níran rẹ́rìn-ín sínú. Lójú rẹ̀, ohùn ńlá kan ni wọ́n ń fẹ́, òun ni ó sì ni ín. Ó gun orí igi, ó lé orin. Ẹgbàágbèje ènìyàn di igi mú, ṣùgbọ́n ẹni kọ̀ọ̀kan ń fà nígbà tí orin tirẹ̀ bá dé ibi fífà. Ẹlòmíràn ń gbé, ẹlòmíràn ń sọ̀, ẹlòmíràn ń sinmi. Ọdẹ́níran pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há, tí ó fi di fíífíí bí ti eku inú àkúfọ́ ìkòkò. Àárẹ̀ mú un, ebi pa á, ó sì lọ wó sí ìdí igi náà. Ní òkèèrè, àrá sán.

Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tí ó di ìdí igi mú. Orin kékeré kan ni ó ń kọ láti ìgbà èwe rẹ̀: “Igi yìí wúwo o.” Ọdẹ́níran wò ó. Kò ní ohùn tí ó lè fi bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Nítorí pé kò sí ohun mìíràn tí ó lè ṣe, ó fi ohùn há náà dá a lóhùn, ó ní, “Hẹn, ó wúwo.”

Ìyá náà dákẹ́ lójijì. Ó yí orí wo ọkùnrin náà bí ẹni tí wọ́n pè ní orúkọ tí ó ti gbàgbé. “Ta ló dá mi lóhùn?”

“Èmi ni, Ìyá.”

Omi bọ́ lójú ìyá náà. Ó tún un kọ: “Igi yìí wúwo o.” Ọdẹ́níran ní, “Hẹn, ó wúwo.” Ọkùnrin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gbọ́ ọ, ó fẹ́ lé tirẹ̀, ṣùgbọ́n “hẹn” náà ti já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó mọ̀. Ìyàwó ọkùnrin náà gbà á, àwọn ọmọ wọn gbà á, ó ń ràn bí iná ọyẹ́. Nígbà tí gbogbo ìlú jọ sọ “Hẹn, ó wúwo” lẹ́ẹ̀kan náà, igi kúrò nílẹ̀, wọ́n sì gbé e gun orí ògiri ààfin. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí, àwọn bàbá wa ló sọ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì purọ́. Ọba wo òjìji àjà lórí ara rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ó ní, “Òjò ti pa mí tó.” Wọ́n fún Ọdẹ́níran ní oyin kí ọ̀fun rẹ̀ lè là, wọ́n sì sìn ín dé ẹ̀yìn odi.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ náà ti yé e o. Ó rò pé oore ni òun ṣe fún ìyá arúgbó. Orí àwa oníjàálá le.

Abẹ́ àpáta ni ilé Yèyé Olóhùn wà. Ìyá kékeré kan ni, kò tóbi ju ọmọdébìnrin lọ, ó ń rin orín. Akèrègbè so rọ̀ lókè ilé rẹ̀ lọ títí ojú kò fi lè rí òpin wọn, orin kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn orin tí ayé ń kọ, ẹnu akèrègbè wọn là, orin ń wọlé, ó ń jáde bí oyin lẹ́nu afárá. Ọdẹ́níran rí orin tí ìyá rẹ̀ fi pọ̀n ọ́n. Ó rí orin tí ìyàwó rẹ̀ fi ń gúnyán, ó mójú kúrò. Ó wá rí tirẹ̀. Òun ni ó tóbi jù, òun ni wọ́n fín lára jù, ó ń dán yinrin. Ṣùgbọ́n odindi ni. Kò ní ẹnu. Nígbà tí ó gbọ̀n ọ́n, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tí ń yí po nínú rẹ̀, tí kò rí ibi jáde.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Yèyé, ègbè ni mo wá tọrọ.”

“N kì í fún ènìyàn ní ègbè. Àwọn tí ó ni ín wà ní ìlú yín.” Ìyá náà na ọ̀bẹ kékeré kan sí i. “Gé ẹnu sí i.”

“Ẹ bá mi gé e, Yèyé.”

“Ṣé èmi ni mo fín in ni?”

Ọdẹ́níran yí akèrègbè náà títí. Kò sí ibi tí kò fín, kò sì sí fínfín tí kò fẹ́ràn. Ìyá náà fi orín tọ́ka sí ọrùn rẹ̀. Ìlà kan ni ó wà níbẹ̀, ìlà tí ọkùnrin náà fi odindi ọ̀gbẹlẹ̀ kan wá kí ó tó rí i: *Erin wó, igbó dákẹ́, ẹyẹ gbàgbé orúkọ ara rẹ̀.* Ẹ gbọ́ ọ. Ta ni nínú yín tí yóò ní irú ìlà bẹ́ẹ̀ tí yóò fi ọ̀bẹ kàn án? Ọdẹ́níran bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé.

Ó ní, “Yèyé, bí mo bá gé ibí yìí, Bámgbóyè á ti ibẹ̀ wọlé.”

“Ó lè wọlé. Opó Kúkọ̀yí náà lè wọlé. Ẹnu ọ̀nà kì í yan àlejò.”

Bí ó ti gbọ́ “ẹnu ọ̀nà”, ó rántí iwin àti ògiri àti onílé tí ń sùn síta. Ó rántí Awẹ̀ró lórí ẹní ní oríta. Ó rántí ojú ìyá arúgbó nígbà tí ẹnì kan kọ́kọ́ dá a lóhùn. Gbogbo ọdún tí ó ti ń fi imú mí, kì í ṣe Bámgbóyè nìkan ni ó tì síta, gbogbo ayé ni. Ó di ọ̀bẹ mú, ó gé e. Ó dùn ún bí ìgbà tí a bá yọ eyín tí kò ṣàìsàn. Nígbà tí ìlà náà já bọ́, afẹ́fẹ́ wọ inú akèrègbè, orin náà sì mí fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ó bi ìyá náà léèrè pé, “Ọ̀rọ̀ wo ni yóò wá sí ojú ibí yìí?”

“N kò mọ̀. Ìwọ náà kò gbọdọ̀ mọ̀. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.” Àrá sán lórí àpáta. “Di ojú rẹ, òjò ti dé ọ̀dọ̀ yín.” Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i létí, Ọdẹ́níran sì bá ara rẹ̀ létí igbó Àgọ́-Ìrókò.

Ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò. Gbogbo ìlú ti pé sí oríta, wọn kò mọ ohun tí wọn yóò ṣe. Awẹ̀ró ti fi ẹní rẹ̀ bo agbọ̀n, òun fúnra rẹ̀ sì na apá méjèèjì bò ó, ó ń wo òkè. Ọdẹ́níran kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó júbà Baba Kúkọ̀yí, ó júbà Olúọdẹ, ó sì júbà Bámgbóyè. Bámgbóyè wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ń jẹ́ Bámgbóyè níbẹ̀. Ọdẹ́níran wá lé orin:

*Ọdẹ jáde nílé, ó dojú kọ igbó…*

Ó sì dákẹ́.

Ẹ̀yin ará, mo ti dúró níwájú ẹkùn, ṣùgbọ́n n kò tí ì dúró níbi tí ọkùnrin yìí dúró sí. Ìlà erin náà sáré wá sí ẹnu rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun bọ́ síbẹ̀. Ó di eyín mọ́ ọn. Bámgbóyè na ọrùn, ó la ẹnu láti já a gbà bí ìṣe rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ó ti rí àlàfo lẹ́nu Ọdẹ́níran kẹ́yìn. Ó rò pé pàkúté ni, ó sì pa ẹnu dé. Ẹ̀kán òjò kan bọ́ sórí ẹní. Ọdẹ́níran ṣì dákẹ́.

Awẹ̀ró tẹ orí ba lórí agbọ̀n. Kò rò pé orin ni òun ń kọ. Ohun tí ó máa ń sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí ọkọ rẹ̀ bá wà nígbó ni ó sọ, pẹ̀lú ohùn tí ó fi ń sọ ọ́:

*Ẹ má tìlẹ̀kùn o, onílé ń bọ̀.*

Kò sí ará àdúgbò náà tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí láti orí ògiri. Ara gbogbo wọn bù máṣọ. Ọdẹ́níran mí, ẹnu ni ó fi mí, ó ní:

*Òjò ṣú, ọ̀nà jìn, ẹsẹ̀ ń ro ó…*

Àwọn obìnrin gbà á: *Ẹ má tìlẹ̀kùn o, onílé ń bọ̀.*

*Ẹ̀yin oníbodè, ẹ wo ẹni tí ń bọ̀…*

Gbogbo oríta mì tìtì. Àwọn àgbà gbè é, àwọn ọmọdé gbè é. Iṣan ọrùn Bámgbóyè yọ síta, òun ni ó ń gbè jù, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Awẹ̀ró dìde. Ó fi ọwọ́ kan gbé etí agbọ̀n, àwọn ọdẹ ní kí àwọn ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n agbọ̀n ti kúrò nílẹ̀, ó fúyẹ́ bí agbọ̀n ewé. Wọ́n gbé Kúkọ̀yí wọ igbó pẹ̀lú ègbè, ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn kò tí ì wọ igbó tán tí òjò fi dà. Kò sí ẹni tí ó sá. Inú òjò náà ni wọ́n ti jó dé ilé, Awẹ̀ró sì fi òjò náà fọ ojú rẹ̀. Ní ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀ lé e, ó ti gbé ìkòkò ọṣẹ rẹ̀ kaná, orin náà ni ó ń fi ro ó. Ìyàwó Ọdẹ́níran sì fi gúnyán nílé tirẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì jókòó sẹ́yìnkùlé, ó ń gbọ́.

Orin bọ́ sí ìgboro nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn èyí, Ọdẹ́níran àti Bámgbóyè ti hewú, wọ́n sì ti di ọ̀rẹ́. Wọ́n rin ìrìn-àjò lọ sí ìlú kan tí wọn kò dé rí. Wọ́n jókòó lábẹ́ igi kí wọ́n lè sinmi, wọ́n sì gbọ́ tí àwọn obìnrin tí ń ṣe epo ń kọ “Ẹ má tìlẹ̀kùn”. Ọdẹ́níran dìde, ó lé ìlà àkọ́kọ́ bí òun ti ṣe é ní oríta.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. “Baba, ẹ má bínú, ẹ kò mọ̀ ọ́n dáadáa. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́. Ìlú wa níbí ló ni orin yìí.”

Bámgbóyè fò dìde. “Ṣé o mọ ẹni tí o—”

Ọdẹ́níran tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Inú rẹ̀ dùn dé ibi tí ọ̀rọ̀ kò dé. Ó ní, “Má dá a lóhùn, ọmọ mi, ara rẹ̀ kò yá. Kọ́ mi.”

Ọmọbìnrin náà lé e bí wọ́n ti ń lé e níbẹ̀. Ó ti yí ọ̀rọ̀ kan padà, ó ti fi orúkọ odò wọn sí i. Nígbà tí ó dé ibi àlàfo, ó dákẹ́, ó sì mi orí sí àwọn arúgbó méjèèjì pé ó ti kàn wọ́n. Ọdẹ́níran, ẹni tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí àyè wọ inú orin òun nígbà kan rí, bọ́ fìlà, ó sì gbè é.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn, ọ̀fun mi ti gbẹ. Ẹ gbé omi wá. Ẹni tí ó fẹ́ lọ sùn lè máa lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tí ó lọ sóko kò tí ì dé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n lé e lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí ẹ ó wí.